Láptọ́ọ̀pù tuntun kò ní ojú àwo: ẹ̀rọ kékeré wo ni kí n rà tí Màmá á fi máa wo fíìmù?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra láptọ́ọ̀pù tuntun fún màmá mi ní Ìbàdàn, àṣé kò sí ibi tí èèyàn ń ki sídì bọ̀ lára rẹ̀. Ẹ̀rọ DVD tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ tún un ṣe mọ́. Àwo tó wà nínú àpótí Màmá tó ọgọ́ta: fíìmù Yorùbá tí bàbá mi rà ní Ìdúmọ̀tà láyé ọjọ́un, èyí tí àǹtí mi kó wá láti London, àti fídíò ìsìnkú bàbá mi ní 2009. Ti ìsìnkú yẹn gan-an ni Màmá ń béèrè lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́.

Mo dé ọjà, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré mẹ́ta tó ń ka àwo, tí èèyàn ń so mọ́ láptọ́ọ̀pù, hàn mí. Àkọ́kọ́ ò ní orúkọ gidi kankan lára, ó fúyẹ́ bí ìwé. Ìkejì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tí gbogbo wa mọ̀. Ìkẹta ni wọ́n pè ní Blu-ray, owó rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta ti ìkejì lọ. Ẹni tó ń tà á ní kí n mú Blu-ray, pé àwọn fíìmù àtijọ́ yẹn á mọ́ kedere tí mo bá fi í wò wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má fowó ṣòfò rárá, pé gbogbo ẹ̀ ti wà lórí YouTube. Ẹ bá mi dá sí i. Ẹ sì jọ̀ọ́, ṣé iná láptọ́ọ̀pù nìkan lè gbé e nígbà tí kò bá sí iná NEPA?

* * *

Àbúrò mi, ìkejì ni kó o rà. Ṣùgbọ́n kó o tó náwó, kọ́kọ́ ṣí àpótí Màmá, kó o pín àwọn àwo yẹn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí wọ́n kọ VCD sí, èyí tí wọ́n kọ DVD sí, àti èyí tí èèyàn fi bírò kọ nǹkan sí lójú. Ó dá mi lójú pé o ò ní rí Blu-ray kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ọlọ́jà yẹn sọ fún ọ dùn mí, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ. Ọdún méjìlá ni mo fi tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkẹjà, kó tó dìgbà yẹn mo ti yá àwọn èèyàn ní fíìmù ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mushin, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yìí gba owó lọ́wọ́ ẹni. Ẹ̀rọ kì í fi kún ohun tó wà lára àwo. Àwòrán VCD tí wọ́n ṣe fún irú tẹlifíṣọ̀n tiwa jẹ́ píksẹ̀lì (ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 352 ní ìbú, 288 ní òòró. Ti DVD jẹ́ 720 sí 576. Ti Blu-ray ló tó 1920 sí 1080. Bó o bá ki VCD bọ inú ẹ̀rọ Blu-ray, 352 sí 288 yẹn náà ló máa kà jáde, kò síbi tó ti máa rí ìyókù. Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ látinú ìkòkò, abọ́ olówó iyebíye kọ́ ló máa fi iyọ̀ sí i.

Kí ni èèyàn wá ń sanwó Blu-ray fún? Ìmọ́lẹ̀ ni. Ẹ̀rọ DVD ní lésà méjì nínú, ọ̀kan fún sídì, ọ̀kan pupa fún DVD. Ẹ̀rọ Blu-ray fi ìkẹta kún un, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ àlùkò, èyí tó lè ka àmì tó tín-ín-rín ju ti DVD lọ. Ìdí nìyẹn tí sídì fi ń gba 700 MB, tí DVD ń gba 4.7 GB, tí Blu-ray sì ń gba 25 GB lórí ìpele kan. Lésà kẹta yìí ò ní ṣe nǹkan kan rárá lórí àwo Ìdúmọ̀tà.

VCD sì tún jẹ́ sídì lásán tí wọ́n kó fíìmù sí. Kò gbà ju bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra fíìmù láyé ìgbà yẹn á rántí pé tí ìtàn bá ti dé ibi tó ń dùn, a ó dìde lọ pààrọ̀ àwo. Ẹ̀rọ DVD èyíkéyìí ló lè kà á.

* * *

Lórí ọ̀rọ̀ YouTube. Àwọn mẹ́ta tó dáhùn níbí náà ti sọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ: pé ayé sídì ti kọjá, pé àwọn ará Amẹ́ríkà gan-an ti pa á tì, pé Netflix tó fi DVD bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti dá fífi àwo ránṣẹ́ dúró. Òótọ́ ni ti Netflix, oṣù kẹsàn-án 2023 ni wọ́n fi èyí tó kẹ́yìn ránṣẹ́. Mi ò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn.

Ibi tí mo ti yapa sí wọn ni pé ọ̀rọ̀ àpótí kan pàtó là ń sọ níbí. Fídíò ìsìnkú bàbá ẹni kò sí lórí YouTube. Fíìmù tó wà níbẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ẹlòmíì ló gbé e síbẹ̀, ó ti gé orin ìbẹ̀rẹ̀ kúrò, ó ti fi orúkọ ara rẹ̀ lé ojú àwòrán. Kí ẹnikẹ́ni sì bá mi ṣe ìṣirò dátà. Ìyá àgbà tó ń wo fíìmù wákàtí méjì lóòjọ́ á jẹ dátà lọ bí ẹni jẹ gúgúrú, láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń darí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, sì ti fọwọ́ sí àfikún owó ní oṣù kìíní 2025, gbogbo wa ló mọ bó ṣe rí. Àwo tó wà nílé kò béèrè dátà, kì í dúró yí bírípo nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ.

Tí fíìmù kan bá wà lórí ìkànnì ẹni tó ṣe é gan-an, tí dátà sì wà, ẹ wò ó níbẹ̀, kí owó dé ọwọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́. Mi ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má lo YouTube. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò lè rọ́pò àpótí yẹn.

* * *

Mo fẹ́ fara balẹ̀ sórí ìbéèrè iná, torí ibẹ̀ ni owó àwọn èèyàn ti ń ṣègbé.

Ẹ̀rọ kékeré yìí kò ní ṣájà tirẹ̀. Láti inú ihò USB ló ti ń mu iná. Ihò USB 2.0, irú ti àtijọ́, máa ń fúnni ní ìwọ̀n iná 500 mA, ihò USB 3.0 tó dé lẹ́yìn rẹ̀ máa ń fúnni ní 900. Àsìkò tí ẹ̀rọ fẹ́ iná jù ni ìgbà tó bá kọ́kọ́ fẹ́ yí àwo: ó fẹ́ gbé e dìde látorí ìdúró, bí ẹni tó ń ti mọ́tò tí kò ṣíná. Nígbà yẹn, ohun tó ń fẹ́ lè kọjá 500. Tí ihò kò bá lè fún un, ẹ ó gbọ́ "kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀", àwo á yí díẹ̀, á dúró, kọ̀ǹpútà á ní òun ò rí nǹkan kan, tàbí kí ẹ̀rọ parẹ́ pátápátá kó tún padà yọjú.

Olùkọ́ obìnrin kan gbé irú rẹ̀ wá bá mi nígbà kan. Ó ti pààrọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́wọ́ ọlọ́jà, ọlọ́jà ti ń bú u pé kò mọ̀ ọ́n lò, òun náà ti gbà pé ẹ̀bi òun ni. Mo ní kó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá pẹ̀lú gbogbo ohun tó fi ń so wọ́n pọ̀. Ó yọ ike kékeré kan tó ní ihò mẹ́rin jáde, èyí tó ń pín USB kan sí mẹ́rin, tí mọ́ọ̀sì àti fáànù kékeré wà lára rẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dára! Fáànù ló ń bá a jà du iná. A so ẹ̀rọ mọ́ láptọ́ọ̀pù tààrà, fíìmù bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Omi yọ lójú obìnrin náà, kì í ṣe ti fíìmù, ti owó ọkọ̀ tó ti ná ni.

Nítorí náà, so ó mọ́ ara láptọ́ọ̀pù tààrà. Má fi wáyà gígùn tín-ín-rín fà á láti ìyàrá kejì. Tí láptọ́ọ̀pù bá ti pẹ́, wá èyí tó ní wáyà ẹlẹ́nu méjì, tí ẹnu kan ń gbé fíìmù àti iná, tí ìkejì ń ran iná lọ́wọ́. Tí ihò ara tuntun yẹn bá jẹ́ USB-C nìkan, ra ẹ̀rọ tó ti ní ẹnu USB-C tirẹ̀, tàbí kó o ra ẹnu-ìyípadà tó dára, kì í ṣe èyí tó kéré jù lọ lórí tábìlì.

Nígbà tí kò bá sí iná, bẹ́ẹ̀ ni, bátìrì láptọ́ọ̀pù lè gbé e. Á kàn tètè tán ju bó ṣe ń tán tẹ́lẹ̀ lọ.

* * *

Bọ̀dá kan dáhùn pé kí gbogbo èèyàn wá USB 3.0 nìkan, pé 2.0 á máa dá fíìmù dúró. Bọ̀dá, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Fíìmù DVD tó wúwo jù kì í ju mẹ́gábíìtì 10 àti díẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. USB 2.0 lè gbé 480. Kódà Blu-ray tó jẹ́ 54 kò lè kún un. Ojú ọ̀nà mọ́tò mẹ́jọ ni wọ́n fẹ́ fún kẹ̀kẹ́ ológeere kan. Ohun tó dáa lára ihò 3.0 ni iná 900 yẹn, kì í ṣe eré rẹ̀.

Ẹ sì jẹ́ kí n fi ẹ̀tàn kan hàn yín. Ike aláwọ̀ búlúù tó wà lẹ́nu wáyà kò túmọ̀ sí pé 3.0 ni. Ẹ gbé ẹnu wáyà náà sójú ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ ka irin pẹlẹbẹ tó wà nínú rẹ̀. Ti 3.0 tòótọ́ ní mẹ́sàn-án: mẹ́rin níwájú, márùn-ún lẹ́yìn níbi tó rìn wọlé díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí mẹ́rin péré, 2.0 ni, wọ́n kàn kùn ún ní búlúù. Kò ní dí fíìmù yín lọ́wọ́, àmọ́ ẹ má san owó 3.0 lé e.

Bákan náà ni ti 8x àti 24x tí wọ́n kọ sára páálí. Eré ni ìyẹn, fún ẹni tó ń kọ àwo tàbí tó ń da nǹkan sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń wo fíìmù kò nílò ju 1x àti díẹ̀ lọ.

* * *

Ẹ̀rọ tí kò lórúkọ ńkọ́? Ibí ni àríyànjiyàn ti le jù. Àwọn kan ní ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe gbogbo wọn, àwọn kan ní ike lásán ni. Mo ti tú àwọn tó pọ̀ wò, ohun tí mo rí nìyí: inú gbogbo wọn jọra. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń wà nínú láptọ́ọ̀pù ni, pẹ̀lú pátákó kékeré kan tó ń yí i sí USB. Ìyàtọ̀ wà níbi ọjọ́ orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi sínú rẹ̀. Mo ti rí èyí tí eruku láptọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ ṣì wà lára gíláàsì lésà rẹ̀, tí wọ́n sì tà á bí tuntun nínú ọ̀rá.

Mi ò ní sọ pé kẹ́nikẹ́ni má rà á. Ẹ kàn gbé àwo mẹ́ta dání lọ sí ọjà: VCD kan, DVD tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ kan, DVD tí èèyàn kọ fúnra rẹ̀ kan. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń tú àṣírí lésà tó ti rẹ̀, torí àmì rẹ̀ kò tàn padà bí ti ilé iṣẹ́. Ẹ má sì wo ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ wá sanwó. Láti àárín ni ẹ̀rọ ti ń ka àwo bọ̀ sí etí, ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù wà nítòsí ihò àárín, lórí VCD àti DVD onípele kan, ìparí rẹ̀ wà lápá etí níta. Ẹ fà á lọ síbi tó ti fẹ́ parí. Ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ kò dá á máa kọsẹ̀ níbẹ̀. Ọlọ́jà tó bá kọ̀ fún yín láti dán an wò, ẹ kúrò níwájú rẹ̀.

Ẹnì kan tún béèrè bóyá òun lè yọ ti láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó ṣeé ṣe dáadáa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti aláìlórúkọ lọ, torí ẹ mọ ibi tó ti wá. Kásìn rẹ̀, ike tí wọ́n ń fi í sí kó lè di ti USB, wà ní ọjà, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ohun méjì lẹ máa wò. Sísanra rẹ̀ ni àkọ́kọ́: àwọn kan jẹ́ mìlímítà 12.7, àwọn kan 9.5, kásìn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìkejì ni ẹnu ẹ̀yìn rẹ̀: tó bá jẹ́ ti SATA, kò séwu; tó bá jẹ́ ti IDE láti inú láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ gan-an, kásìn tó wọ́pọ̀ báyìí kò ní gbà á.

Lórí èyí tó ń yọ ahọ́n jáde àti èyí tó ń gbé àwo mì látẹnu: ti ahọ́n ni kẹ́ ẹ mú fún àgbàlagbà. Àwo á kọ́ mọ́ ọn ní àárín, Màmá á gbọ́ "kó", á mọ̀ pé ó ti wọlé. Tí èyí tó ń gbé e mì bá há, ó di iṣẹ́ ẹni tó ní tọnafísì.

* * *

Àbúrò, mo ti fẹ́ gbàgbé. Tó o bá ti so ó mọ́ Windows, tó o sì rí i pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, má gbé e padà sí ọjà. Láti ìgbà Windows 8 ní 2012 ni Microsoft ti yọ agbára àti fi fíìmù DVD hàn kúrò lára ohun tó ń bá kọ̀ǹpútà wá. Gba VLC, sọ́fítíwíà tó ń fi fíìmù hàn, sórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Lọ síbi Media, yan Open Disc. Tí VCD bá kọ̀, ṣí àwo náà bí ẹni ṣí fódà, wọ inú MPEGAV, wàá rí fáìlì kan tí wọ́n pè ní AVSEQ01.DAT. Fíìmù náà gan-an nìyẹn, fi VLC ṣí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Mac, tẹ́ ẹ bá rí SuperDrive àlòkù ti Apple, ó dára fún Mac yín, àmọ́ ẹ má rà á fún Windows. Ẹ̀yin ti Chromebook, ẹ má ra èyíkéyìí fún fíìmù. Kò ní fi DVD hàn yín.

Ẹnì kan ní kó o kàn so ẹ̀rọ náà mọ́ ihò USB tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n kò ní dá a mọ̀ rárá, fíláàṣì ni wọ́n ń retí níbẹ̀. Ẹ lo láptọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ fi wáyà HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

* * *

Àwọn àwo London. Àwọn tó ń ṣe fíìmù pín ayé sí agbègbè nígbà tí DVD dé. Amẹ́ríkà àti Kánádà jẹ́ 1, Yúróòpù jẹ́ 2, Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà jẹ́ 5. South Africa bọ́ sí 2 pẹ̀lú àwọn Òyìnbó, òun àti Íjíbítì àti àwọn díẹ̀. Ẹ yí àpò àwo sẹ́yìn, ẹ ó rí ayé róbótó kékeré kan tí nọ́ńbà wà láàárín rẹ̀. Tó bá jẹ́ 0 tàbí ALL, kò sí wàhálà.

Tó bá jẹ́ 2, ṣọ́ra. Kọ̀ǹpútà lè béèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá kó yí agbègbè ẹ̀rọ padà. Ìgbà márùn-ún péré ni ẹ̀rọ gbà kí èèyàn yí i. Lẹ́yìn ìkarùn-ún, ibi tó bá dúró sí ló máa wà títí, kò sí ẹkún tó máa tú u sílẹ̀. Mo mọ ẹni tó ń tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" ní gbogbo ìgbà tó bá pààrọ̀ àwo, lónìí 2, lọ́la 1, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ẹ̀rọ ti tì pa. VLC kì í sábà béèrè nọ́ńbà, ìyẹn náà wà lára ìdí tí mo fi ní kó o lò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ń kọ̀ fúnra wọn. Tó bá di dandan láti yí i, yí i sí 2 lẹ́ẹ̀kan, kó o fi í síbẹ̀. VCD àti fídíò ìsìnkú kò ní agbègbè.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan láti Houston dáhùn pé mo ń bú Blu-ray láìnídìí, pé òun ní àwo Blu-ray tó kún sẹ́ẹ̀fù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ nìkan kò tó. Títì tó wà lára Blu-ray le ju ti DVD lọ, VLC kò ní ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó ra sọ́fítíwíà lọ́tọ̀. Tó bá sì jẹ́ ti 4K, sọ́fítíwíà yẹn ń béèrè ohun kan tí wọ́n ń pè ní SGX lára ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí Intel ń ṣe, Intel sì ti yọ ọ́ kúrò lára ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní Core láti ìran kọkànlá. Láptọ́ọ̀pù tuntun á wá kọ ohun tí ti àtijọ́ gbà. Fún 4K, ẹ̀rọ tó dúró fúnra rẹ̀ lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni màá rà tó bá jẹ́ èmi.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Mo ra ìkejì. Mo dán àwo mẹ́ta wò níwájú ọlọ́jà, mo fà á dé ìparí bẹ́ ẹ ṣe wí. VCD ń ṣiṣẹ́, Màmá ti ń rẹ́rìn-ín láti àná. Ti London náà ń ṣiṣẹ́ nínú VLC. Àmọ́ fídíò ìsìnkú Bàbá kò wọlé. Kọ̀ǹpútà ní àwo náà ṣófo. Ẹ̀yìn rẹ̀ jọ àwọ̀ àlùkò, ìlà díẹ̀ wà lára rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ní òun fẹ́ fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́. Mi ò tíì sọ fún Màmá.

* * *

Kí ó gbé ọṣẹ ìfọyín yẹn sílẹ̀ ná! Mo mọ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn lórí ìlà kéékèèké, torí ó máa ń pa ojú ike dán. Ṣùgbọ́n orí àwo tó ní ẹ̀dà ní ọjà ni èèyàn ti ń ṣe irú ẹ̀, kì í ṣe orí èyí tó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Fi omi tó mọ́ àti aṣọ rírọ̀ tí kò ní eruku nù ún, láti àárín lọ sí etí, bí ìtànṣán oòrùn. Má nù ún yípo. Ìlà tó bá gba ojú àmì kọjá ní ìbú, ẹ̀rọ lè fò ó. Èyí tó bá tẹ̀ lé àmì yípo máa ń ba ibi gígùn jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọ̀ àlùkò yẹn sọ fún wa pé DVD-R tàbí DVD+R ni, èèyàn ló kọ ọ́. Ìdí méjì ló lè mú kó dà bí òfìfo. Èkíní, aró tó wà nínú rẹ̀ lè ti ṣá, pàápàá tó bá ti wà nítòsí fèrèsé tàbí lábẹ́ páànù gbígbóná. Ọdún rẹ̀ ti pẹ́. Èkejì, ó lè jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ fi rẹ́kọ́dà DVD kọ ọ́, kò sì pa á dé lẹ́yìn tó kọ ọ́ tán, ohun tí rẹ́kọ́dà ń pè ní Finalize. Irú àwo bẹ́ẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tó kọ ọ́ nìkan, ibòmíì á rí i bí òfìfo.

Bi Màmá léèrè, fẹ̀sọ̀ bi í: ṣé ó ti wò ó rí nínú ẹ̀rọ tó bàjẹ́ yẹn? Tó bá ti wò ó rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wọ́n pa á dé, aró tàbí ìlà ni ká bá jà. Gbé e lọ sínú ẹ̀rọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará àdúgbò. Mo ti rí àwo tí márùn-ún kọ̀ tí ìkẹfà gbà, torí lésà kì í ṣe ọgba. Tí kò bá wò ó rí, sọ́fítíwíà kan wà tí wọ́n ń pè ní IsoBuster tó lè wọ inú àwo tí wọn kò pa dé, kó fà fídíò jáde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ nǹkan tuntun sórí àwo yẹn o, kódà tí kọ̀ǹpútà bá sọ fún ọ pé àyè wà.

Lẹ́yìn náà, wá ẹni tó yà á. Ọ̀pọ̀ oníkámẹ́rà ní 2009 ṣì ń lo téèpù MiniDV, àwọn mìíràn kì í sì da téèpù nù. Má sì gbàgbé pé ẹni tó ya ìsìnkú kì í fúnni ní àwo kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n Bàbá á ti gba tirẹ̀, ẹgbẹ́ ìjọ á ti gba, àwọn àna á ti gba.

Tó o bá rí ọ̀kan tó ṣí, má tíì pe Màmá. Da fódà VIDEO_TS sínú láptọ́ọ̀pù lódindi, gbogbo fáìlì VOB tó wà nínú rẹ̀. Wọn kì í ju 1 GB lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á wọ fíláàṣì 8 GB. Fi ọ̀kan sínú fíláàṣì, ọ̀kan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì nínú ẹbí tó ń gbé ilé ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o wá gbé àga fún Màmá.

Kó o sì pe àǹtí London lálẹ́ òní. Ẹni tó ń kó fíìmù wálé bẹ́ẹ̀, á ti gba fídíò ìsìnkú lọ pẹ̀lú. Tó bá ní in lọ́wọ́, má jẹ́ kó fi àwo náà sí pósítì. Kí ó wá ẹni tó ní irú ẹ̀rọ tó o rà yìí níbẹ̀, kí wọ́n da VIDEO_TS rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà kó tó kúrò nílé rẹ̀.